Píkọ́ọ̀pù Dísẹ́lì Tí Kò Tètè Sítáàtì: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Wò Kí A Tó Náwó

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni yóò kọ nípa ẹ́ńjìnnì nínú ìwé ayẹyẹ ọdún. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń wa píkọ́ọ̀pù dísẹ́lì láti ìjọ kan dé òmíràn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, a sì ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí owó ilé-ìwé ọmọ bá ọkọ̀ tí kò sítáàtì lọ, tí àtúnṣe tí wọ́n fi owó náà ṣe kò sì jẹ́ èyí tí ọkọ̀ náà nílò.

Ní Òde-Ìrèlè àti àwọn oko tí ó yí i ká, píkọ́ọ̀pù kì í ṣe ọkọ̀ afẹ́. Òun ni ó ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ síbi tí a ti ń ṣe púpurú, òun ni ó ń gbé ẹyìn lọ síbi tí a ti ń ṣe epo, òun náà ni ó sì ń gbé epo lọ sí Òkìtìpupa àti Orè. Ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kì í dúró de ẹnikẹ́ni: láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ẹyìn tí a ti gé, pàápàá èyí tí ó ti fara gbọgbẹ́, ń bàjẹ́ sí i lójoojúmọ́, iye tí a ó sì rí lórí epo rẹ̀ ń wálẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kì í ní àkókò láti ronú; ohun tí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá wí ni yóò gbà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí onítọ̀hún yóò wí ni pé pọ́ǹpù ti kú, tàbí pé ẹ́ńjìnnì ti rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ni àtúnṣe wọn wọ́n jù, àwọn ni ó sì yẹ kí a fura sí kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí dísẹ́lì ṣe ń jó. Ọkọ̀ tí ń lo bẹntiróòlù ní plọ́ọ̀gì tí ń ṣẹ́ iná sí epo. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì kò ní irú rẹ̀. Atẹ́gùn lásán ni píísítìn ń kì pọ̀, tí ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbóná. Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù náà a máa gbóná. Bákan náà ni. Nínú ẹ́ńjìnnì Toyota 2L tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ Hilux àtijọ́, atẹ́gùn tí ó gba àyè nǹkan bí 22 ni píísítìn ń tẹ̀ bọ inú àyè 1 péré. Bí ẹ́ńjìnnì bá yí dáadáa, ooru rẹ̀ a máa ju 500 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńṣíọ́ọ̀sì, dísẹ́lì tí nọ́sù bá sì fọ́n sínú irú ooru bẹ́ẹ̀ a gbiná fúnra rẹ̀. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí a bí sí Paris ní 1858, ni ó mú èyí ṣiṣẹ́ ní ìlú Augsburg ní 1897. Yóò dùn mọ́ àwa ará ilẹ̀ ọ̀pẹ láti gbọ́ pé níbi ìpàtẹ àgbáyé ti Paris ní 1900, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi wa ọ̀kan nínú irú ẹ́ńjìnnì náà, ó sì ṣiṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí da epo pupa sínú Hilux o. Yóò dì sínú páìpù.

Ohun mẹ́ta péré, nígbà náà, ni ẹ́ńjìnnì ń béèrè ní òwúrọ̀: kí ó yí kíákíá tó, kí ooru inú rẹ̀ tó, kí dísẹ́lì sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìsí atẹ́gùn nínú páìpù. Èyí tí ó ṣaláìní nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èéfín ni yóò sọ fún wa.

Kí a tó mú sípánà, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹlòmíràn dúró níbi ẹnu sáláńsà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ṣùgbọ́n tí èéfín kankan kò jáde, dísẹ́lì kò dé inú rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ìdí láti máa sọ̀rọ̀ ríǹgì. Bí èéfín funfun bá ń rú, tí ó ń ta sánsán bí dísẹ́lì tútù, epo ń dé ṣùgbọ́n kò rí ooru tí yóò jó o. Bí ó bá sítáàtì tán tí èéfín rẹ̀ sì búlúù fún ìgbà pípẹ́, ọ́ìlì ni ó ń jó. Ìṣẹ́jú kan péré ni àyẹ̀wò yìí gbà, síbẹ̀ a kì í rí ẹni tí ń ṣe é.

Lẹ́yìn èyí ni bátìrì. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì tí ń yí jẹ́jẹ́ kò lè mú ooru wá, nítorí pé ooru náà ń sá lọ sára irin kí ó tó pé. Bátìrì tí ó kún a máa fi nǹkan bí 12.6 fólìtì hàn lórí mítà nígbà tí ọkọ̀ bá sinmi. Bí ó bá wálẹ̀ ju 9.6 lọ nígbà tí kíkì sítátà ń yí, bátìrì náà ti rẹ̀, tàbí kíkì sítátà ń fa iná ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ má gbàgbé wáyà tí ó ti orí bátìrì lọ sára ẹ́ńjìnnì àti ara ọkọ̀. Ìpẹtà tí ó wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì rẹ̀ kan ti mú kí wọ́n ra bátìrì tuntun lásán.

Ní ti hítà plọ́ọ̀gì, àwọn kan a máa sọ pé ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ wọ̀nyí, bí 2L àti 3L ti Toyota àti 4D56 ti Mitsubishi, inú ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà ni nọ́sù ń fọ́n epo sí, irin ihò náà a sì máa gba ooru mọ́ atẹ́gùn lọ́wọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe nílò hítà plọ́ọ̀gì, kódà níbi tí yìnyín kì í bọ́. Iná kékeré tí ń tàn tí ó sì ń kú lórí dáàṣìbọ́ọ̀dù kò fi hàn pé plọ́ọ̀gì ń gbóná; àkókò lásán ni ó ń kà. Kí rèwáyà tú irin pẹlẹbẹ tí ó so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kí ó so gílóòbù mọ́ orí bátìrì níbi tí a kọ àmì ìròpọ̀ sí, kí ó sì fi wáyà kejì gílóòbù náà kan orí plọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí gílóòbù bá tàn lórí rẹ̀ wà láàyè. Èyí tí kò bá tàn ti kú. Bí ọ̀kan bá kú, ọkọ̀ yóò sítáàtì ṣùgbọ́n yóò máa gbọ̀n fún ìgbà díẹ̀. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá kú, ìyà òwúrọ̀ dé. Bí gbogbo wọn bá yè, kí ó wò bóyá iná ń dé ọ̀dọ̀ wọn láti riléè.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń fìyà jẹ wá jù ní agbègbè yìí ni atẹ́gùn tí ń wọ páìpù. Nínú irú píkọ́ọ̀pù wọ̀nyí, pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ni ó ń fa dísẹ́lì láti inú tánkì. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ fífà ni ó ń fà á, ihò tí ó bá wà lójú ọ̀nà kò ní jẹ́ kí epo kán síta. Atẹ́gùn ni yóò wọlé. Bàbá kan nínú ìjọ wa, ẹni tí ọmọ rẹ̀ méjì wà ní ilé-ìwé wa nígbà náà, ti fẹ́ ra pọ́ǹpù tòkunbọ̀ nígbà tí a bẹ̀ ẹ́ kí ó ní sùúrù. "Ẹ̀yin Àlùfáà," ni ó wí, "ẹ fọwọ́ pa á wò, kò sí ibi tí epo ti ń kán." Òótọ́ ni; gbogbo rẹ̀ gbẹ. Róbà tí ó wà láàárín fílítà àti pọ́ǹpù ni ó ti là lábẹ́ kílíìpù rẹ̀. Róbà ẹsẹ̀ bàtà kan àti kílíìpù méjì ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ọkọ̀ náà yóò sítáàtì, yóò ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò kú, yóò sì kọ̀ jálẹ̀. Bí a bá gbé e kalẹ̀ sórí òkè pẹ̀lú imú rẹ̀ sókè, ó burú jù, nítorí epo ti ṣàn padà sínú tánkì lóru. Ní òwúrọ̀, kí a tó yí kọ́kọ́rọ́, kí a fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré tí ó wà lórí fílítà. Bí ó bá kọ́kọ́ rọ̀, tí ó wá le lẹ́yìn títẹ̀ díẹ̀, tí ọkọ̀ sì sítáàtì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, atẹ́gùn ni. Láti mọ ibi tí ó ti ń wọlé, kí mẹkáníìkì gbé kẹ́ẹ̀gì dísẹ́lì mímọ́ sókè ju pọ́ǹpù lọ, kí ó fi róbà tí a lè rí inú rẹ̀ so ó tààrà mọ́ ẹnu pọ́ǹpù. Bí ọkọ̀ bá ń sítáàtì dáadáa báyìí, pọ́ǹpù kò ṣẹ̀. Láàárín tánkì àti pọ́ǹpù ni kí a wá a sí. Kí ó wo àwọn róbà kéékèèké tí ń dá epo padà láti orí nọ́sù náà, tí ọkọ̀ rẹ bá ní wọn, nítorí àwọn a máa tètè gbó.

Ọ̀rọ̀ dísẹ́lì fúnra rẹ̀ kò gbẹ́yìn. Púpọ̀ nínú èyí tí a ń rà kì í ti inú pọ́ǹpù ilé-epo wá bí kò ṣe inú kẹ́ẹ̀gì, ẹlòmíràn a sì ti fi kẹrosíìnì lú u. Kí a bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, kí a gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi wúwo ju dísẹ́lì lọ, ìsàlẹ̀ ni yóò wà. Kí a máa tú ìdè ìsàlẹ̀ fílítà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí epo tí ó mọ́ yóò fi jáde. Àwa kì í jẹ́ kí fílítà kọjá 10,000 kìlómítà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹ́kun àṣà fífi aṣọ tí ń jó bọ ẹnu ihò atẹ́gùn. Ó ń mú ọkọ̀ sítáàtì lóòótọ́, ó sì ti sun ọkọ̀ pẹ̀lú. Sìpírèé tí wọ́n ń tà fún sítáàtì léwu bákan náà fún ẹ́ńjìnnì tí ó ní hítà plọ́ọ̀gì, nítorí ó lè bú gbàmù sórí irin gbígbóná kí píísítìn tó gòkè, kí ó sì fọ́ ọ.

Bí èéfín kò bá jáde rárá tí kò sì sí atẹ́gùn, kí a yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, kí a tẹ́tí sí ẹ̀yìn pọ́ǹpù. Ohun kan wà níbẹ̀ tí wáyà kan ṣoṣo wọ̀, tí ń ṣí ọ̀nà fún epo. Ó yẹ kí a gbọ́ "ká". Bí a kò bá gbọ́ ọ, wáyà ni kí a kọ́kọ́ wò. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù láti wo epo má ṣe fi ọwọ́ sí ẹnu rẹ̀: agbára tí ó fi ń tú jáde ju ìlọ́po 100 ìtẹ̀ atẹ́gùn tí ó yí wa ká lọ, ó lè gún awọ ara.

Ìgbà wo ni pọ́ǹpù jẹ̀bi lóòótọ́? Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sítáàtì ní òwúrọ̀ láìjanpata, ṣùgbọ́n tí ó ń kọ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti rìn tí ó gbóná, tí kíkì sítátà sì ń yí dáadáa. Dísẹ́lì tí ó gbóná a máa ṣàn fẹ́rẹ́, a sì máa jò kọjá nínú pọ́ǹpù tí inú rẹ̀ ti jẹ. Bí a bá fi aṣọ tútù bo pọ́ǹpù náà títí yóò fi tutù, tí ọkọ̀ sì sítáàtì, nígbà náà ni kí a múra láti náwó.

Ó ku ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ rí i pé bẹ́líìtì táímìn kò tíì fò eyín kan. Lẹ́yìn náà, kí mẹkáníìkì yọ hítà plọ́ọ̀gì, kí ó fi mítà wọn agbára ìkìpọ̀ sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì kọ iye rẹ̀ sórí ìwé níwájú wa. Bí gbogbo rẹ̀ bá jọ wálẹ̀, ríǹgì àti sílíńdà ti jẹ. Bí ó bá jẹ́ méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí a wo gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan péré, kí a wo fáàfù rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì pinnu láti ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, kí ó ní kí olùtà wọn tirẹ̀ bákan náà lójú rẹ̀ kí ó tó kó owó sílẹ̀.