Edé Omi Tútù Lórí Àwo Funfun

Agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ti kọjá, síbẹ̀ ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán ní Oslo. Ìparí oṣù Kọkànlá ni. Mo dúró ní èbúté Rådhusbrygga, níwájú gbọ̀ngàn ìlú, ilé bíríkì gàgàrà tó ní ilé-ìṣọ́ méjì, níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní Ẹ̀bùn Àlàáfíà Nobel ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá lọ́dọọdún. Afẹ́fẹ́ ń ti orí omi bọ̀, ó ń gé etí. Èéfín ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń gbóòórùn, iyọ̀ òkun ń gbóòórùn, ṣùgbọ́n òórùn edé bíbọ̀ ló borí gbogbo rẹ̀. Agogo ilé-ìṣọ́ lù, trámù tó ń kọjá lẹ́yìn wa lu tirẹ̀, àwọn ẹyẹ òkun sì ń pariwo lókè orí wa nítorí pé wọ́n mọ ohun tó wà nínú ọkọ̀.

Ọkọ̀ apẹja kékeré ni. Èèyàn bíi ogún ti tò sórí ìlà, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Bàbá kan tó wọ épírọ́ọ̀nù rọ́bà olómi ọsàn ń bu edé pupa sínú ike, ó ń fi lítà wọ̀n ọ́n, ó ń dà á sínú àpò ìwé. Àwọn kan ò tilẹ̀ dúró dé ilé. Wọ́n jókòó sórí pákó èbúté, wọ́n ń já orí edé, wọ́n ń bó èèpo, wọ́n ń jẹ ẹran rẹ̀ láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ẹni tó mú mi wá jẹ́ ẹ̀gbọ́n kan tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí inú òkun, tó ti ń gbé Nọ́wè tipẹ́. Òun ló ń túmọ̀ ohun tí apẹja ń sọ. Lóru ni wọ́n wọ àwọ̀n náà sínú ọ̀gbun omi, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé. Omi òkun náà ni wọ́n fi bọ edé lójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń darí bọ̀. Ẹ̀gbọ́n nawọ́ sí irin kan tó wà lára àwọ̀n náà, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò síra wọn. Àlàfo àárín ọ̀pá kan sí èkejì jẹ́ mílímítà 19. Edé á gba àárín rẹ̀ kọjá sínú àpò àwọ̀n. Ẹja tó bá tóbi á forí sọ irin náà, á sì gba ihò tó wà lókè padà sínú òkun.

Àwa ará Nàìjíríà mọ Nọ́wè nítorí pańla. Àwọn ará Nọ́wè fúnra wọn ò fi bẹ́ẹ̀ pa edé yìí tẹ́lẹ̀, títí di ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Johan Hjort wọ́ àwọ̀n sí ìsàlẹ̀ ibi jíjìn, tó rí i pé edé kún ibẹ̀.

Ó kan wá. Ẹ̀gbọ́n ra lítà méjì. Ó tún tọrọ díẹ̀ tí wọn ò tíì bọ̀, bàbá náà fi yìnyín bò ó fún un. A wọ trámù.

Ilé gbóná. Omi bo gíláàsì ojú mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nínú ilé ìdáná, ó gbé àwo funfun kan sílẹ̀, ó mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá jáde, pẹ̀lú ẹ̀mú wẹ́rẹ́ méjì. Ó tẹ́ edé tútù kan gbalaja. Kò gùn ju ìka àárín mi lọ púpọ̀. Pupa ni kí iná tó kàn án rárá, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Ẹ̀gbọ́n ní níbi jíjìn tó ń gbé, ìtànṣán pupa inú oòrùn kì í dé ibẹ̀, nítorí náà ohun pupa kì í hàn sí ọ̀tá.

Láti iwájú ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gún ṣóńṣó kan yọ síwájú láàárín ojú méjèèjì, ó gùn ju pátákó èèpo tó bo orí àti àyà rẹ̀ lọ, eyín wẹ́wẹ́ sì tò sí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo fi ìka kàn án. Ó gún mi. Ojú rẹ̀ dúdú, ó jókòó sórí igi kékeré tó lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Irùngbọ̀n méjì tó gùn ju ara rẹ̀ lọ ká mọ́ra wọn lórí àwo náà, àwọn kúkúrú sì wà lókè wọn. Ẹ̀gbọ́n gé èèpo àyà náà kúrò pẹ̀lẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀yà inú ara wà: àpò oúnjẹ, ohun aláwọ̀ ewé dúdú tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀dọ̀, ọkàn, àti àwọn ìyẹ́ rírọ̀ tó fi ń fa atẹ́gùn láti inú omi. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í pupa bíi tiwa. Bàbà ló wà nínú rẹ̀ dípò irin. Okùn dúdú tó gba ẹ̀yìn lọ sí ìdí, tí àwọn ìyá wa máa ń fà yọ kí wọ́n tó se edé, ìfun ni.

“Ka ẹsẹ̀ rẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n wí.

Mo kà á. Mẹ́wàá ni ẹsẹ̀ tó fi ń rìn, ìdí nìyí tí wọ́n fi to òun, akàn àti alákàṣà sí agbo kan náà, Decapoda. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ lápá méjèèjì ò ní ẹ̀mú tí ojú lè rí. Ìkejì ní, ṣùgbọ́n kò dọ́gba: ọ̀kan gùn, èkejì kúrú, ọrùn-ọwọ́ wọn sì ní oríkèé tín-tìn-tín tí mo bẹ̀rẹ̀ sí kà tí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. Àmì ìdílé Pandalidae nìyẹn. Henrik Krøyer, ọmọ Dẹ́nmárkì, ló kọ àpèjúwe edé yìí sílẹ̀ ní 1838, tó sọ ọ́ ní Pandalus borealis. Àwọn orúkọ gígùn wọ̀nyí kò tó nǹkan lójú mi títí ẹ̀gbọ́n fi dìde, tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ó mú edé wẹ́wẹ́ gbígbẹ jáde, irú èyí tí a ń lọ̀ sínú ẹ̀fọ́. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé ìdáná lọ́wọ́ ti Oslo. Ó rẹ ọ̀kan sínú omi gbígbóná. Lẹ́yìn náà ó mú edé ńlá abilà kan láti inú fíríìsà, irú èyí tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń kó ní etíkun Nàìjíríà pẹ̀lú, tí wọ́n ń gbé lọ tà fún àwọn òyìnbó. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

“Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, àwọn wo ló bára wọn tan?”

Mo ní àwọn méjì tí a ń rí ní Nàìjíríà ni. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sún awò sí mi.

Èèpo ara edé pín sí abala mẹ́fà láti àyà dé ìrù. Lára ti abilà, abala àkọ́kọ́ gun ìkejì, ìkejì gun ìkẹta, bí páànù òrùlé ṣe ń gunra wọn. Lára ti Nọ́wè, abala kejì fẹ̀ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bo èyí tó wà níwájú rẹ̀, ó sì bo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo yí ojú sí edé gbígbẹ tó ti ń rọ̀. Abala kejì rẹ̀ bo iwájú, ó bo ẹ̀yìn. Nematopalaemon hastatus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún edé ọbẹ̀ wa yìí, inú agbo Caridea ló wà pẹ̀lú ti Nọ́wè. Abilà wà ní agbo mìíràn pátápátá. Ẹsẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ lápá kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀mú, kì í sì í pọn ọmọ: inú omi ló ń tú ẹyin rẹ̀ dà sí.

Èyí tó ń pọn ọmọ la wá yí padà sí. Abẹ́ ikùn edé Nọ́wè tútù náà kún fún ẹyin aláwọ̀ ewé tó fẹ́ dà bí aró, ó lẹ̀ mọ́ àwọn ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tó fi ń wẹ̀. Ìgbà ìkórè ló yé wọn. Á gbé wọn kiri títí ìgbà òtútù yóò fi parí, kí wọ́n tó pa.

Ibí yìí ni ẹ̀gbọ́n ti fà mí sún mọ́ tábìlì. Èyí tó pọ̀ jù nínú edé yìí, akọ ni nígbà tó kọ́kọ́ dàgbà. Á bá abo lò fún ọdún kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí yí, á di abo, kò sì ní padà di akọ mọ́. Ní omi Skagerrak, láàárín Nọ́wè àti Dẹ́nmárkì, bíi ọmọ ọdún méjì sí mẹ́ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí omi ti tutù jù, lọ́hùn-ún lápá Svalbard, ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mú edé kékeré kan, ó tẹ́ ẹsẹ̀ ìwẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ sábẹ́ awò: ẹ̀ka inú rẹ̀ fẹ̀ bí ewé. Akọ. Ó mú ńlá kan: ẹ̀ka náà ṣe ṣóńṣó. Abo. Ó tún fi ìka han ẹ̀gún wẹ́rẹ́ lábẹ́ ikùn abo kan tí kò tíì yé ẹyin rí. Lára ìyá ẹlẹ́yin, ẹ̀gún yẹn ti pòórá.

Ebi ti ń pa mí. Mo fa àwo edé bíbọ̀ sọ́dọ̀ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣa àwọn tó tóbi.

Ẹ̀gbọ́n wò mí. “Abo ni gbogbo èyí tí o ń ṣà yẹn. Àwọn ńlá ni wọ́n ń bọ̀ nínú ọkọ̀, nítorí òun ló ń pawó.”

“Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọkọ wọn wá ńkọ́?”

“Tútù ni wọ́n ń kó púpọ̀ nínú àwọn kéékèèké lọ sí ilé-iṣẹ́, ẹ̀rọ á bó èèpo wọn. Lọ wo fíríìsà ilé ìtajà ìsàlẹ̀ yẹn, inú ọ̀rá ni wọ́n wà.”