Lẹ́tà Wínníwínní Ojú Fóònù: Ẹ Má Fi Ìyà Jẹ Ojú Yín

Ojú lọba ara, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n láyé òde òní, iṣẹ́ ẹrú ni a ń fi ọba yìí ṣe. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni a ń fi í wá lẹ́tà tí kò tóbi ju ẹyin èèrà lọ lójú fóònù. Níhìn-ín ní Ìfọ́n, àti ní Ìlobùú tí í ṣe aládùúgbò wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń na fóònù sí mi pé, "Bọ̀dá, ẹ bá mi ka èyí, ó ń ṣe bàìbàì lójú mi." Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀wé, àwọn mìíràn nínú wọn ti fi ẹ̀kọ́ kíkọ́ni jẹun rí. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́sẹ̀ yìí.

KÍ NI Ó Ń MÚ LẸ́TÀ ṢE BÀÌBÀÌ?

Nǹkan méjì ni: ọ̀kan wà nínú fóònù, èkejì wà nínú ojú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti fóònù. Ojú fóònù kò dà bí pépà tí a fi yíǹkì kọ nǹkan sí. Àmì tíntìntín onígun mẹ́rin ni ó kún ibẹ̀, a sì tò wọ́n ní ìbú àti ní òòró bí òwú inú aṣọ òkè. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ aṣọ híhun mọ̀ pé bí a bá fi òwú ya òbìrìkìtì, etí rẹ̀ yóò rí págunpàgun bí àtẹ̀gùn ilé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni lẹ́tà "o" àti "s" í rí lójú fóònù tí àmì rẹ̀ kò pọ̀.

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà wá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n ń fi àmì aláwọ̀ eérú sáàárín dúdú àti funfun ní etí lẹ́tà. Ẹ wo aṣọ ẹtù: òwú aró dúdú àti òwú aró fẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi hun ún, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró lókèèrè, àwọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ ó rí. Ojú ni ó pò wọ́n pọ̀. Bákan náà ni ojú ń pò eérú mọ́ dúdú, tí etí lẹ́tà fi ń jọ̀lọ̀. Ní 1998 ni ilé iṣẹ́ Microsoft kéde irú ọgbọ́n yìí tí wọ́n pè ní ClearType. Ní 2010, ilé iṣẹ́ Apple gbé iPhone 4 jáde, tí àmì 326 wà nínú ínṣì kan ṣoṣo ojú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ní ààlà. Bí lẹ́tà bá kéré jù, eérú yóò borí dúdú, ohun gbogbo yóò sì di kùrukùru. Àwa tí a ń ka Yorùbá ni ó tún ń ni lára jù. Lẹ́tà tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, bí "ẹ́" tàbí "ọ̀", kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà gbogbo ayé tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ń lò. Fóònù ní láti so àmì ohùn mọ́ lẹ́tà fúnra rẹ̀. Bí kò bá so ó dáadáa, àmì a yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí ó lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Nígbà náà ni "ìgbà" ń di "igba", tí "ọ̀sẹ̀" tí a fi ń ka ọjọ́ sì ń jọ "ọṣẹ" tí a fi ń wẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni, a ó rẹ́rìn-ín. Bí ó bá jẹ́ ti oògùn ńkọ́? Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa gba àwòrán ìwé oògùn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí WhatsApp. "2.5 ml" ni a kọ síbẹ̀, ìyẹn ìdajì ṣíbí ìmu-oògùn kékeré. "25" ni ìyá rí. Orí bá a ṣe é tí ó béèrè kí ó tó da oògùn náà. Ìlọ́po mẹ́wàá ni ọmọ náà ìbá mu.

TI OJÚ FÚNRA RẸ̀

Bí ènìyàn bá ti ń súnmọ́ ọmọ 40 ọdún tàbí tí ó kọjá bẹ́ẹ̀, dígí inú ẹyinjú a máa le, kì í sì í rọ̀ mọ́ láti wo ohun tí ó wà nítòsí. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá, kì í sì í ṣe ẹ̀gún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé bílíọ̀nù 1.8 ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀, àti pé mílíọ̀nù 826 nínú wọn ni kò rí ìtọ́jú tí ó yẹ gbà. Bákan náà, bí a bá tẹjú mọ́ fóònù, a kì í ṣẹ́jú tó bí ó ti yẹ. Ojú a gbẹ, a sì máa ta wá.

OHUN TÍ ẸNÌKỌ̀Ọ̀KAN LÈ ṢE

1. Ẹ sọ lẹ́tà fóònù yín di ńlá. Ẹ wá ibi tí a kọ "Settings" sí, lẹ́yìn náà "Display", kí ẹ sì fi "Font size" kún un. Ẹ ní kí ọmọ ilé bá yín ṣe é bí kò bá yé yín.
2. Ẹ ka ìwé oògùn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi ìka méjì fa àwòrán náà tóbi, pàápàá níbi nọ́ńbà. Bí ó bá ṣì rú yín lójú, ẹ pe ẹni tí ó kọ ọ́.
3. Ní ìṣẹ́jú 20-20, ẹ gbé ojú kúrò, kí ẹ wo ohun tí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹ máa ṣẹ́jú.
4. Ẹ má ka fóònù nínú òòrùn gangan, ẹ má sì kà á nínú òkùnkùn biribiri.
5. Ẹ má kàn ra awò lórí àtẹ láìjẹ́ pé a ti yẹ ojú yín wò, ẹ má sì ro omi ewé sójú.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó ṣe pàtàkì jù. Gbogbo bàìbàì kọ́ ni ẹ̀bi fóònù. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú 100 afọ́jú tí ó ti tó ọmọ 40 ọdún, bí 43 ni kataráàtì sọ dà bẹ́ẹ̀, bí 17 sì ni glaucoma, àrùn tí í máa jí ìríran kó díẹ̀díẹ̀ láìrora. Iṣẹ́ abẹ lè la ojú tí kataráàtì bò. Ohun tí glaucoma bá ti gbà lọ kì í padà. Nítorí náà, bí lẹ́tà bá ti di ńlá tí ẹ kò sì rí i síbẹ̀, tàbí tí iná ń yọ òṣùmàrè lójú yín, ẹ má jókòó sílé. Òṣogbo kò jìnnà sí wa, àwọn oníṣègùn ojú sì wà níbẹ̀. Ẹ lọ kí wọ́n yẹ̀ yín wò lọ́sẹ̀ yìí.