Ṣé O Mọ̀? Ẹyẹ Gíráàmù 5 Tó Ń La Òkun Kọjá

Ẹyẹ goldcrest, tí kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 5 sí 6 lọ, máa ń fò láti Scandinavia kọjá Òkun Àríwá wá sí Britain ní ìgbà ìwọ́wé. Abala bébà A4 kan fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó o!

Ní Fair Isle, erékùṣù kékeré tó wà láàárín Orkney àti Shetland ní Scotland, ìgbà tí ẹ̀fúùfù ìlà-oòrùn bá gbé òjò dé gan-an ni inú àwọn tó ń wo ẹyẹ máa ń dùn jù. Irú ojú ọjọ́ tí ẹlòmíì á fi tilẹ̀kùn mọ́rí ni wọ́n ń gbàdúrà fún, torí òun ló ń darí àwọn ẹyẹ tó ti rẹ̀ síbẹ̀. Igi ṣọ̀wọ́n ní erékùṣù náà, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ògiri olókùúta àti pàlàpálá etí òkun ni ẹyẹ inú igbó ń sá pamọ́ sí.

Láti 1948 ni ibùdó ìwòyẹ ti wà níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń da ẹyẹ sínú pàkúté àwọ̀n gbọọrọ tó fẹ̀ lẹ́nu, tó sì tín-ín-rín nídìí. Wọ́n á wọn ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi òrùka onínọ́ńbà sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á sì tú u sílẹ̀.