Wàhálà ń bẹ! Vespa bàbá ń sá lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lọ́ ọ, kébù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló fà á

Kò sẹ́ni tó dàgbà n'Ílọrin tí ò ní mọ ìró Vespa, Fẹ́sípà làwọn ará ilé ń pè é. Bó bá ń bọ̀ láti apá Ìpàtà, kẹ́ ẹ tó rí i lẹ ti máa gbọ́ ọ. Èéfín á máa tú jáde lẹ́yìn ẹ̀, bàbá tó gùn ún á sì jókòó bí ẹni tó wà lórí àga nílé ara wọn, ẹsẹ̀ méjèèjì á tẹ́ pẹrẹsẹ síwájú, agbádá ò ní kan ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn ló jẹ́ káwọn tíṣà àtàwọn akọ̀wé ìjọba fẹ́ràn ẹ̀ lásìkò tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ lọ́dún 1967, kó tó di pé máṣìnì Japan, lẹ́yìn náà ti Íńdíà àti Ṣáínà, gba títì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èyí tó kù lónìí ò pọ̀ mọ́, àmọ́ ẹni tó ní i kì í fẹ́ tà á. Látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo kan sì fò kọjá N500, ẹni tí mọ́tò ẹ̀ ti di ohun ìwòran nínú ọgbà lè rántí pé Vespa kan ṣì wà lẹ́yìnkùlé.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Máṣìnì tó ti sùn fún ọdún mẹ́wàá lè jí o. Wọ́n á fọ kábúrétọ̀, wọ́n á pààrọ̀ pílọ́ọ̀gù, wọ́n á fẹsẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti dún, inú bàbá á dùn. Àfi bí wọ́n bá dé ọ̀nà Taiwo, tí wọ́n lọ́ ọwọ́ ọ̀tún kí wọ́n lè kọjá bọ́ọ̀sì kan, tí wọ́n fẹ́ dá a padà, tí kò gbà. Máṣìnì ń hó, ó ń sáré, èrò wà níwájú bíi ti ọjọ́ ọjà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré.

Ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n ń lọ́ yẹn làwọn mẹkáníìkì ń pè ní tírótù. Ohun tó mú kí àtúnṣe ẹ̀ le ni pé wọ́n fi gbogbo ẹ̀ pamọ́. Corradino D'Ascanio tó ya àwòrán Vespa, iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò sì fẹ́ràn alùpùpù rárá, ó ní ó dọ̀tí, ó sì ṣòroó gùn. Iléeṣẹ́ Piaggio ní Ítálì ló gbé iṣẹ́ náà fún un lẹ́yìn tí ogun àgbáyé kejì ti ba ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú jẹ́, wọ́n sì forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ 23, oṣù kẹrin, ọdún 1946. Agbọ́n ni Vespa túmọ̀ sí lédè wọn, torí ìdí ńlá, ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ àti ohùn tó ń kùn. Ọkùnrin yìí ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹ́ńjìnnì tàbí okùn kankan níta. Ó dáa lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó máa tún un ṣe ló máa jẹ̀yà ẹ̀.

Bí ẹ bá lọ́ ọwọ́ náà, páìpù inú ẹ̀ ló ń yí, òun náà á sì yí àgbá kékeré kan tó wà nínú orí máṣìnì, lẹ́yìn iná iwájú. Ara àgbá yìí ni wọ́n fi ẹnu kébù há. Kébù ọ̀hún, okùn irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n lọ́ pọ̀ ni, inú ike tó bò ó ló ti ń rìn. Á gba ọrùn máṣìnì sọ̀ kalẹ̀, á gba abẹ́ ibi tẹ́sẹ̀ ń wà, á wá yọ sínú àpótí kábúrétọ̀ lábẹ́ ìdérí apá ọ̀tún. Bí kébù bá fà, epo àti afẹ́fẹ́ á wọlé. Bí ẹ bá tú ọwọ́ sílẹ̀, sípírìǹgì kékeré kan ló gbọ́dọ̀ fa gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn padà. Ẹ wá wò ó bí gírísì bá ti gbẹ, tí eruku ọyẹ́ ti wọlé, tí omi òjò sì ti mú un dípẹtà. Ìtàn ní torí òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ni wọ́n ṣe ń pe ìlú náà ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n irin tí ò rí gírísì, bó ti wù kẹ́ ẹ lọ́ ọ tó, há ló máa há.

Kébù kì í sì já lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú okùn wẹ́wẹ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ já, ẹnu ẹ̀ á máa ha ike inú, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ara àwọn ni ò le mọ́.

Bó bá ṣẹlẹ̀ lójú títì, ẹ má ṣe bá ọwọ́ ọ̀tún jà. Ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ fi fa kílọ́ọ̀ṣì, kí táyà yà kúrò lára ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ wá pa iná ẹ̀. Á pariwo gan-an, ẹ jẹ́ ó pariwo. Ẹni tó ní epo lòun máa tì, epo tó wà nínú kábúrétọ̀ ṣì máa gbé e lọ díẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ó yẹ kí ẹni tó mọṣẹ́ kọ́kọ́ béèrè pé, "Bàbá, ṣé bẹ́ ẹ bá yí orí ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ohùn ẹ̀ máa ń lọ sókè?" Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kébù ti le jù tàbí kó ti ká níbi ọrùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kó ní àyè bíi mìlímítà kan tàbí méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bí ike ìta bá ṣì dáa, kébù inú nìkan ni wọ́n máa pààrọ̀: wọ́n á fi gírísì pa á, wọ́n á tì í wọlé láti òkè. Ṣùgbọ́n bí ike náà bá ti bàjẹ́, kí wọ́n má kàn fà á yọ o! Wọ́n gbọ́dọ̀ so tuntun mọ́ ìdí ti àtijọ́, kí àtijọ́ máa fà á wọlé bó ti ń jáde. Ọmọ iṣẹ́ tó jẹ́ Bajaj ló fi kọ́ṣẹ́, tó fà á yọ lásán, á fi ọ̀sán gbogbo wá ọ̀nà nínú òkùnkùn yẹn.

Ọ̀kan tún wà tó máa ń tan àwọn mẹkáníìkì fúnra wọn jẹ. Wọ́n ti pààrọ̀ kébù, wọ́n ti fi gírísì sí i, máṣìnì ṣì ń hó. Kí wọ́n tú kébù kúrò lára kábúrétọ̀ pátápátá, kí wọ́n stáàtì ẹ̀. Bó bá ṣì ń sáré, tí ohun tó wà nínú kábúrétọ̀ ò sì há, ẹ̀ṣẹ̀ kébù kọ́ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ló ń jí wọlé láti ara gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí ọ́ìlì síìlì tó ti gbó, epo tó sì yẹ kó máa fún ẹ́ńjìnnì ní ọ́ìlì ò tó mọ́. Ẹni tó bá gùn ún bẹ́ẹ̀ dé Ọ̀fà, pístìnì ẹ̀ lè há mọ́nú kó tó délé.

Bí wọ́n bá sì ti tú orí Vespa náà, kí wọ́n wo kébù gíà méjèèjì àti ti kílọ́ọ̀ṣì tó wà lápá òsì pẹ̀lú, torí ọjọ́ orí kan náà ni gbogbo wọn.