Iṣẹ́ Ọnà Àlẹ̀pọ̀ àti Ọgbọ́n Àtinúdá Ọmọdé

Kò ṣàjèjì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìgbálẹ̀, ẹní tàbí agbọ̀n wá láti fi gba máàkì iṣẹ́ ọwọ́. Ọjà ni ìyá ti ń rà á. Ọmọ a sì gbé e dé ilé-ìwé láìfi ìka kan kàn án. Níbi tí iṣẹ́ náà bá ti wáyé nínú kíláàsì pàápàá, olùkọ́ ni í sábà ya àwòrán sójú pátákó, tí gbogbo kíláàsì yóò sì dà á kọ. Ìgbọràn ni ọmọ ń kọ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọnà àlẹ̀pọ̀, èyí tí í ṣe kíkó oríṣiríṣi nǹkan jọ kí a sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú páálí tàbí pátákó, kò fi bẹ́ẹ̀ gba àdàkọ láyè, nítorí pé àgékù aṣọ tí ọmọ méjì bá rí gbà lọ́dọ̀ télọ̀ kì í bára mu. Ọgbọ́n yìí ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́. Lára ẹ̀kú egúngún alábala, aṣọ olóríṣiríṣi ni wọ́n ń tò lé ara wọn, tí wọ́n sì ń rán aṣọ pupa mọ́ etí wọn bí eyín ayùn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni abala tuntun ń kún ti àtijọ́. Ní Òṣogbo ẹ̀wẹ̀, Jimoh Buraimoh, tí ó ń bójú tó iná mànàmáná nínú ẹgbẹ́ eléré Dúró Ládiípọ̀, lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Georgina Beier darí ní 1964. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́ẹ̀ lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pátákó. Ìlẹ̀kẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ adé wá di ohun ìyàwòrán.

Nínú kíláàsì, lẹ́ẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ dán ọmọ wò. Ṣítáàṣì gbágùúdá tí a sè tí ó ki dáadáa tó fún bébà àti aṣọ, ṣùgbọ́n ìdérí ìgò yóò já bọ́ lára rẹ̀. Bí ó bá sì ṣàn jù, páálí yóò ká. Ọmọ tí ìdérí rẹ̀ já bọ́ lè ronú kan ìṣó, kí ó fi lu ihò sí i, kí ó sì fi okùn so ó mọ́lẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni sùúrù le jù fún olùkọ́, nítorí ọwọ́ rẹ̀ yóò máa yún un láti gba iṣẹ́ náà ṣe. (Ẹ̀wà àti àgbàdo rẹwà lójú páálí, àmọ́ eku kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀.)

Máàkì ni ìṣòro tí ó kù. Bí ó bá jẹ́ pé ìmọ́tótó iṣẹ́ nìkan ni olùkọ́ ń wò, èyí tí ìyá bá ọmọ ṣe nílé ni yóò máa borí. Ó sàn kí a ṣe gbogbo rẹ̀ tán lójú olùkọ́, kí a sì bi ọmọ léèrè ìdí tí ó fi fi aṣọ dúdú ṣe omi, tàbí tí ó fi fi èèpo ẹyin ṣe ògiri ilé, kí máàkì sì tẹ̀ lé ìdáhùn rẹ̀.