Kí Ẹ Tó Ra Jíìpù Tòkunbọ̀, Ẹ Ki Ọwọ́ Bọ Ìsàlẹ̀ Apẹ̀rẹ̀

 

Kò sí ẹnìkan nínú wa tí yóò ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì tí kò ní ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. A mọ̀ pé òkè ni wọ́n máa ń to èyí tó dáa sí. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ọ̀dà tó ń dán àti síítì aláwọ ni ọ̀pọ̀ wa ń wò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa ló jẹ́ ká kọ èyí. Ó yá owó ẹgbẹ́, ó fi owó àjọ rẹ̀ kún un, ó fi ra Range Rover tòkunbọ̀. Ọ̀sán gangan ló lọ wò ó, wọ́n sì ti tan án sílẹ̀ kó tó débẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì tó gbé e délé, apá kan jíìpù ti jókòó sílẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ẹ́ńjìnì náà fi kọṣẹ́. Jíìpù wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, gbèsè wà lọ́rùn, àwọn méjì tó ṣe onídùúró fún un ló ń bá a san án. Ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n.

Ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ́ńjìnì ṣì tutù. Èyí ni olórí ọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan án títí ẹ ó fi dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, ẹ padà sílé, kí ẹ wá lọ́jọ́ mìíràn. Ọkọ̀ tó ti gbóná máa ń bo àṣírí ara rẹ̀.

Ẹ wo ìdúró rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Range Rover tó jáde láti 1994, àti ọ̀pọ̀ Land Rover Discovery tó jáde láti 2004, kì í ṣe sìpíríìngì onírin ló gbé wọn dúró. Àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ni. Bí rọ́bà náà bá ti gbó, yóò máa jò díẹ̀díẹ̀ mọ́jú, igun ibẹ̀ yóò sì relẹ̀. Bí wọ́n bá tan ọkọ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i yóò tún gbé e dìde, ẹni tó bá dé lọ́sàn-án kò ní mọ nǹkan kan. Ẹ̀rọ náà, bó bá ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, jíjó ni yóò jó. Bí wọ́n bá ti yọ àpò náà, tí wọ́n fi sìpíríìngì rọ́pò rẹ̀, ẹ béèrè ìdí, kí ẹ sì fi ná ọjà náà wálẹ̀.

Ẹ wo omi àti ọ́ìlì. Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnì, ẹ ní kí mẹkáníìkì yín ṣí ibi omi. Kò gbọdọ̀ ní ọ̀rá lójú. Kó ṣí ìdérí ọ́ìlì pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ohun tó rí bí ògì lábẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ inú ọ́ìlì, kí gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ẹ́ńjìnì V8 alúmíníọ̀mù tó wà nínú Range Rover ọdún 1994 sí 2002 kò fẹ́ ooru rárá. Ibi tí omi bá ti ń dín kù, ẹ sá.

Ẹ wá tan án, kí ẹ wo èéfín. Búlúù: ó ń jẹ ọ́ìlì. Dúdú: epo ń pọ̀ jù. Funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná: omi ló ń jó.

Ẹ wo iná dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná àpò afẹ́fẹ́ tó ń gbani nínú jàǹbá gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú. Bí kò bá tàn rárá, wọ́n lè ti yọ gúlóòbù rẹ̀.

Ẹ gbé e jáde. Ẹ tan éè-sí, ẹ wọ inú gosiló, ẹ gun òkè. Gíà kò gbọdọ̀ ta yín síwájú. Ẹ ní kí mẹkáníìkì dán gíà kékeré tí wọ́n fi ń jáde nínú ẹrẹ̀ wò. Bí kò bá wọlé, agbára jíìpù tí ẹ torí rẹ̀ náwó kò sí níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ tí omíyalé gbé. Ìjì Katrina ní 2005 àti Harvey ní 2017 ri ọkọ̀ rẹpẹtẹ sínú omi ní Amẹ́ríkà. Wọ́n lè fọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì tà á. Ẹ fa béélítì síítì jáde tán pátápátá. Bí ẹrẹ̀ bá wà ní ìdí rẹ̀, tàbí tí abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ń rùn, ẹ má rà á.

Ẹ wo ìwé. Nọ́ńbà ọkọ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bára mu. Láti January 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba bọ́dà ilẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá ní gba ojú ilẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ gbà wọlé lẹ́yìn ìgbà náà, wàhálà ló ń tà fún yín.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Mẹkáníìkì àti rẹ̀wáyà tiyín ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Ẹ sanwó iṣẹ́ fún wọn, bí ẹ kò tilẹ̀ ra ọkọ̀ náà, kó má baà jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó ń tà ni wọ́n ti máa retí tiwọn. Ẹ má sì ná gbogbo owó tán sórí rírà. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àtúnṣe.

Jíìpù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jayé. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ fẹ́ kó sílẹ̀ yìí, òógùn gbogbo wa ló wà nínú rẹ̀. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Kó má gbẹ̀yìn tiwa.

Ajé á wọgbá o.