Kókó Lẹ́nu Ajá: Kí Ẹnikẹ́ni Tó Ki Ọwọ́ Bọ̀ Ọ́

Ní ọ̀pọ̀ ilé káàkiri Nàìjíríà, ajá ń jẹ àjẹkù, ó ń ṣọ́ àgbàlá lóru, kò sì sí ẹni tó ń wo ẹnu rẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí wọ́n bá rí kókó níbẹ̀, ó ti sábà máa ń pẹ́. Ohun tí ará ilé kọ́kọ́ ń ṣàkíyèsí ni òórùn burúkú, itọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, tàbí kí ajá máa fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo jẹun, kí ẹran máa já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ewu tó tóbi jù lọ ní àsìkò yìí lè má sí nínú kókó rárá. Bí ajá bá ń da itọ́, tí párì ìsàlẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, tí kò lè gbé omi mì, tí ohùn gbígbó rẹ̀ sì yí padà, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò ni pé eegun há a lọ́fun tàbí pé nǹkan hù sí i lẹ́nu. Wọn a la ẹnu rẹ̀, wọn a sì ki ìka bọ̀ ọ́. Àmì wọ̀nyí gan-an sì ni àmì irú àrùn dìgbòlugi tó máa ń rọ ajá. Àwọn ènìyàn gbà pé ajá dìgbòlugi gbọ́dọ̀ máa sá kiri ìgboro, kó máa bu ènìyàn jẹ. Èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ sí igun ilé, tó la ẹnu sílẹ̀, kì í jọ bẹ́ẹ̀ lójú wọn. Inú itọ́ rẹ̀ ni àrùn náà wà, ó sì lè gba ojú ọgbẹ́ kékeré tó wà lọ́wọ́ wọlé, láìjẹ́ pé ajá náà bu ẹnikẹ́ni jẹ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, àti pé nǹkan bí 40 nínú 100 wọn jẹ́ ọmọdé tí kò tí ì pé ọdún 15. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń jẹ́ àbáyọrí rẹ̀. Nítorí èyí, ajá tí ìwà rẹ̀ yí padà, tàbí tí a kò mọ̀ bóyá ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí wọ́n tì í mọ́ ibi tí ọmọdé kò lè dé, kí wọ́n sì pe dókítà ẹran. Ẹni tí itọ́ rẹ̀ bá kàn lójú, lẹ́nu tàbí lójú ọgbẹ́, kí ó fi omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó fi ọṣẹ kún un bó bá jẹ́ ọgbẹ́, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ó má ṣe dúró wo ohun tí yóò ṣe ajá. Bí ajá náà bá kú, kí wọ́n má ṣe jẹ ẹ́, kí wọ́n má sì sin ín kí dókítà ẹran tó gbọ́, nítorí ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò tó dájú. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ẹran ti orílẹ̀-èdè, tó wà ní Vom ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Bí ajá bá ti gba àjẹsára, tí ó ń jẹ, tí ó ń mu bí ìṣe rẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti kókó fúnra rẹ̀. Kókó kéékèèké funfun tó hù págunpàgun sí ètè ọmọ ajá sábà máa ń jẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì tí àwọn ajá ń kó ran ara wọn. Kì í ran ènìyàn, ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ìwúlé abẹ́ ojú lè ti ara eyín tó kán wá. Èyí tó yẹ kí ara ilé yára sí jù ni kókó tó hù sí erìgì ajá tó ti dàgbà, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó sì ń mú kí eyín máa mì. Àwọ̀ dúdú tó tẹ́jú sára erìgì kò burú. Èyí tó yọ sókè, ìbáà dúdú, ìbáà pọ́n, lè jẹ́ jẹjẹrẹ tó ń tètè dé ẹ̀dọ̀fóró.

Jẹjẹrẹ kan tún wà tó ṣàjèjì, tó sì wọ́pọ̀ níbi tí ajá ti ń rìn kiri. Sẹ́ẹ̀lì ara ajá kan tó ti kú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni, tó ń ti ara ajá kan bọ́ sí ara òmíràn títí dòní. Nígbà tí ajá bá ń gun ara wọn ni wọ́n sábà máa ń kó o, ṣùgbọ́n èyí tó bá lá ojú ara ajá tó ní in lè ní in lẹ́nu tàbí nímú. Bó ti ń bani lẹ́rù tó, ó wà lára jẹjẹrẹ tó rọrùn jù láti wò: abẹ́rẹ́ vincristine lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún bí oṣù kan sí méjì, sábà máa ń pa á rẹ́. Ara òdòdó kan láti erékùṣù Madagásíkà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbìn síwájú ilé, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí oògùn náà. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí se ewé rẹ̀ fún ajá o, májèlé ni.

Kí wọ́n má ṣe fi abẹ gé kókó náà, kí wọ́n má sì fún ajá ní ibuprofen, tó lè dá egbò sí inú rẹ̀ kó sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Bí ajá bá yán, kí wọ́n dúró lókèèrè fi fóònù ya àwòrán ẹnu rẹ̀, kí wọ́n tún yà á lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e bí wọn kò bá tí ì rí dókítà. Dókítà yóò béèrè ọjọ́ orí ajá, ìgbà tí kókó yọ àti káàdì àjẹsára rẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò fi oògùn mú un sùn, yóò sì gé díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò, nítorí ojú lásán, ti dókítà pàápàá, kò lè sọ irú èyí tó jẹ́.